Kílínà àti Nọ́ńbà

Nígbà tí yunifásítì ti Adó-Èkìtì kó wá sí Àkùngbá ní 1999, tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà tí a mọ̀, inú bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ló sì ń gbé. Bí ó bá dákú sórí próójẹ́ẹ̀tì ẹni, tí ojú rẹ̀ di búlúù, NEPA la kọ́kọ́ ń bú. Lẹ́yìn èébú, ọ̀gá atúnṣe á tú u, á yọ RAM tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan, á fi kílínà ọmọ iléèwé nu eyín wúrà rẹ̀, á tún un kì bọ ihò. Ó sábà máa ń jí. Eruku ọyẹ́ ni kì í jẹ́ kí irin kan irin, ṣùgbọ́n ọ̀gá kì í ṣàlàyé, àwa náà kì í béèrè.

Lónìí, ọmọ tó mọ̀ ọ́n kì í wá kílínà. Bí ẹ̀rọ bá ti ń jí, á tẹ Delete, á wọ BIOS, á máa ka nọ́ńbà RAM: 16-18-18-38. Èyí àkọ́kọ́, tí wọ́n ń pè ní CL, ni iye ìgbà tí aago ẹ̀rọ máa lù kí RAM tó dá ẹni tó bi í lóhùn. Bí a bá kán an lójú jù, èsì tí kò pé ló máa mú wá, ẹ̀rọ á sì dákú. Ọmọ náà á sún un sí 18, tàbí kó bu iná díẹ̀ kún un, á wá ní kí MemTest86 yẹ̀ ẹ́ wò títí ilẹ̀ á fi mọ́, bí iná bá gbà.

RAM ayé wa, SDRAM, fóòlútì 3.3 ló ń jẹ. Ìlànà DDR4, RAM àwọn ọmọ yìí, kò ju 1.2 lọ. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí pé iná tiwa pọ̀ jù yìn wá. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í sáré, ìyẹn ni kì í fi í kọsẹ̀ lọ́nà báyìí. Ọ̀gá kílínà náà kì í sì í ṣe ẹni mímọ́: bí nínù kò bá ràn án, á ní RAM ti jóná, á ta òmíràn fún wa, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Àwọn tòde òní ní ẹ̀tàn tiwọn. XMP, ètò nọ́ńbà tí Intel gbé dé ní 2007, máa ń gbé RAM kọjá ìlànà; iyára 3200 ní CL16 sábà ń béèrè fóòlútì 1.35. Nọ́ńbà yẹn ló hàn gàdàgbà lára páálí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀ ló lè gbé e. Ìlérí oníṣòwò ti di àṣekún iṣẹ́ fún ẹni tó rà á. Ti láptọ́ọ̀pù tilẹ̀ burú jù: ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, tí BIOS wọn kò sì ní fi nọ́ńbà kankan hàn ọ́.

NEPA ti di PHCN, BEDC sì gbà á lágbègbè wa ní 2013. Ẹnu wa kò kúrò ní NEPA. Àwọn ọmọ ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀ pé iná nìkan la mọ̀ ọ́n bú. Síbẹ̀, mélòó nínú wọn ló ti tún nọ́ńbà tò títí, kó tó hàn pé páwà sọ́pláì ni iná tó ń lọ sókè sódò ti bà jẹ́?