Abà ni Sunnyvale

Tí àwọn ará ilé bá bi wá pé níbo gan-an là ń gbé ní Amẹ́ríkà, Silicon Valley la máa ń sọ, torí orúkọ yẹn máa ń wú wọn lórí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n bá kọ Silicon Valley nìkan sí lára ò lè dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Sunnyvale là ń gbé, ní Kalifóníà, láàárín Mountain View àti Santa Clara. Ọkọ ń kọ kóòdù, ìyàwó ń kọ kóòdù, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà sì gbà pé kò sí iṣẹ́ mìíràn láyé ju kí èèyàn tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà kó máa mí kanlẹ̀.

Ẹni tó bá ti Mọ́kọ́lá wá, ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀ ló máa kọ́kọ́ bà á lẹ́rù. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2020, àwọn tó ń gbé Sunnyvale lé ní 150,000. Níbo ni gbogbo wọn wà? Ẹ lè rin òpópónà mẹ́ta kí ẹ má rí ju ajá kan àti ẹni tó ń mú un rìn lọ. Láàárọ̀, bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ tí gíláàsì rẹ̀ dúdú á kó àwọn kan lọ, àwọn tó kù á wọ mọ́tò tiwọn, ó di alẹ́. Kò sí alákàrà ní ìkóríta. Tí ẹ bá kí èèyàn lójú ọ̀nà, á kọ́kọ́ yọ ohun tó kì bọ etí, kó tó bi yín pé kí lẹ wí.

A ò ní purọ́ o: owó ń wọlé, ilé-ìwé ọmọ dáa, omi ń yọ. Àmọ́ ilé oníyàrá méjì tí a háyà ń gba ju $3,500 lọ lóṣù, ẹni tó sì ń gé koríko àyíká ilé náà ń wakọ̀ wákàtí méjì kó tó débẹ̀, torí kò sí ilé tí apá rẹ̀ ká nítòsí.

Oko gidi nibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Igi eléso ló kún Àfonífojì Santa Clara: apricot, plum, cherry. Ilé-iṣẹ́ Libby's ń di èso sínú agolo ní Sunnyvale. Táǹkì omi rẹ̀ gíga tí wọ́n kùn bí agolo èso ṣì dúró láàárín àwọn ọ́fíìsì. Lockheed gbé iṣẹ́ mísáìlì dé ní 1956, AMD fìdí kalẹ̀ ní 1969, ilé ọtí kan ní Sunnyvale yìí náà sì ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ géèmù Pong sí ní 1972. Wọ́n wó igi, wọ́n kọ́lé. Ìjọba ìlú ṣẹ́ oko apricot kékeré kan kù, Orchard Heritage Park, kí àwọn ọmọ lè rí ohun tó wà níbẹ̀ rí.

Lójú tiwa, oko náà ò tíì kúrò níbẹ̀. Àwọn bàbá wa àgbà ní abà lẹ́yìn Ìbàdàn. Oṣù gbáko ni wọ́n ń lò níbẹ̀ nídìí kòkó, wọ́n ń dáná, wọ́n ń bímọ síbẹ̀ pàápàá. Àmọ́ ẹ bi wọ́n pé níbo nilé, agboolé wọn nínú ìlú ni wọ́n máa dárúkọ. Tí ọdún bá dé, wọ́n á wálé. Tí wọ́n bá kú, wọ́n á gbé wọn wálé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Bí Sunnyvale ṣe rí nìyẹn. Obìnrin tó ń gbé òkè wa, Chengdu nilé fún un. Àwa náà ń kọ́lé lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, orí WhatsApp la ti ń ka búlọ́ọ̀kù.

Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé bàbá àgbà ló ni kòkó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi ímeèlì lé e kúrò nídìí rẹ̀. Àwa tí a wà lórí físà H-1B, tí iṣẹ́ bá bọ́, ó pọ̀ jù kí òfin fún wa ní 60 ọjọ́, ká rí ọ̀gá mìíràn, ká yí ìwé padà, tàbí ká di ẹrù.

Ìdílé kan láti Pune ló ń gbé ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ jí, kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ò ṣí fún un mọ́; wọ́n ti dá a dúró. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó rẹ̀ ti ń sàmì sí kàlẹ́ńdà ara fíríìjì. Àwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, a ò sọ fún wọn. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógójì, wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gọ́ta, wọ́n gbé ìkòkò ewé curry wọn fún wa, wọ́n lọ.

Ọmọ wọn àti tiwa jọ wà ní kíláàsì kan. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, tiwa ní, "Mọ́mì, ọjọ́ mélòó ló kù fún àwa?" A ní wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa. Òótọ́ ni, títí di òní.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ni ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ abà wa dúró dáadáa. Lọ́dún tó kọjá, à ń di ẹrù, a sọ fún un pé à ń lọ sílé ní December. Ó wo yàrá rẹ̀ yíká, ó ní, "Ṣebí ilé la wà yìí?" Òun nìkan sì ni wọ́n bí sí Amẹ́ríkà nínú wa, òun nìkan ló ní ìwé ọmọ ìlú. Òfin tó lè ní kí ìyá àti bàbá máa lọ ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Bíríkìlà wa pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó fẹ́ mọ ibi tí a fẹ́ kí fèrèsé yàrá ọmọ kọjú sí, ojú ọ̀nà àbí ẹ̀yìnkùlé. A gbé fóònù fún ọmọ. Ó fi Yorùbá rẹ̀ tó lọ́ bi í bóyá èèyàn lè rí ilẹ̀kùn aládùúgbò láti ibẹ̀. Bíríkìlà ní kò tíì sí aládùúgbò o, igbó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. A ní a máa pè é padà.