Àwọ̀ Ejò Káyọ̀dé

Ejò jẹ́ ẹ̀dá kan tí púpọ̀ nínú wa kì í dúró wò lẹ́ẹ̀mejì; kùmọ̀ ni a kọ́kọ́ ń wá. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn kan ń sìn ín nínú ilé. Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ní ìlú Houston, mo bá ejò kékeré kan nínú àpótí onídígí. Káyọ̀dé ọmọ rẹ̀ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Ejò àgbàdo ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é, a sì máa ń bá a nínú abà níbi tí ó ti ń lépa eku. Kò ní oró. Ńṣe ni ó máa ń fún ẹran rẹ̀ pa.

Ara irú ejò yìí a máa pọ́n rúsúrúsú, pẹ̀lú àmì pupa tí dúdú yí ká. Ti Káyọ̀dé kò ní pupa rárá. Àwọ̀ eérú àti dúdú nìkan ni ó wà lára rẹ̀. Ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, irú wo ni ẹ rò pé ó jẹ́?"

A jókòó ti ìwé. A rí i pé oríṣi méjì tí kò ní pupa ni a mọ̀ jù, Anery àti Charcoal. Ní kékeré, wọ́n jọra bí ìbejì. Bí wọ́n bá ń dàgbà, àwọ̀ ìyeyè a sábà máa yọ lọ́fun Anery, ṣùgbọ́n kì í sábà yọ lọ́fun Charcoal.

Kì í ṣe àìsàn ni ó fa irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀; àjogúnbá ni. Bí bàbá àti ìyá aláwọ̀ dúdú ti lè bí àfín, bẹ́ẹ̀ ni ejò méjì tí àwọ̀ wọn pé lè bí ọmọ tí kò ní pupa, bí àwọn méjèèjì bá gbé e pamọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀rẹ́ Káyọ̀dé kan fẹ́ ra ejò náà ní iye tí ó ju èyí tí Káyọ̀dé san lọ, bí ó bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé Charcoal ni. Owó náà dùn létí ọmọ ọdún 14. Bàbá rẹ̀, tí kò fẹ́ràn ejò, ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún un kí ó tà á." Mo ní kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ dáhùn. Ó wo ejò náà títí, ó sì wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "N kò tíì mọ irú èyí tí ó jẹ́. Jẹ́ kí ó dàgbà ná." Ọ̀rẹ́ náà bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, "n kò tíì mọ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ẹni tí ó bá fi ohun tí kò dá a lójú pawó, orúkọ ara rẹ̀ ni ó tà.