Lẹ́tà sí Àlàbí lórí MG tó fẹ́ rà

Òdògbolú,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Àlàbí ọmọ mi,

Bàbá rẹ sọ fún mi pé o fẹ́ ra ọkọ̀ MG Midget àtijọ́ kan níbẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n bá ọ wí. Mi ò ní bá ọ wí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo ṣe jẹun títí mo fi darúgbó, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi.

Má rò pé ọkọ̀ yẹn ṣàjèjì sí wa. Ṣé o mọ Morris Minor tí àwọn tíṣà àti akọ̀wé ń gùn káàkiri Ìjẹ̀bú nígbà èwe wa? Ìyá kan náà ló bí òun àti Midget. Nígbà tí Austin-Healey Sprite jáde ní 1958, ẹ́ńjìnnì irú ti Morris Minor ni wọ́n gbé sí i, sítíárì Morris Minor náà ni wọ́n sì lò. Midget tó jáde ní 1961, Sprite yẹn náà ni wọ́n tún ṣe, tí wọ́n fún lórúkọ mìíràn. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì Ìjẹ̀bú-Òde tí kò fojú kan Midget rí fi lè ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó sì tún un ṣe. Bí àpẹẹrẹ, wàá ṣí ìdérí dísíríbítọ̀, wàá fọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì títí kọ́ńtáàtì á fi là tán, wàá ki fíìlà géèjì sáàárín rẹ̀: ìdá 15 nínú 1,000 íńṣì kan. Bí géèjì bá ń wọ́ díẹ̀ bí o ti ń fà á jáde, ó pé nìyẹn.

Ohun tó lé Morris Minor lọ níbí kì í ṣe àìdára rẹ̀. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972, ìjọba ní ká kúrò lápá òsì títì, ká máa rìn lápá ọ̀tún. Sítíárì àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ya lọ́rì Bedford sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bi ẹni tó jókòó tì í bóyá ọ̀nà ṣófo. Nígbà tó di 1975, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Volkswagen ní Èkó àti Peugeot ní Kàdúná, ó parí fún wọn.

Àwọn kan á sọ fún ọ pé wàhálà ọkọ̀ àtijọ́ ni ìwà rẹ̀. Irọ́ ni! Bátìrì tó kú láàárọ̀, ọ́yìlì tó ń jò, ara tó ń dógùn-ún, àbùkù ni gbogbo wọn. Ìwà Midget wà nínú bó ṣe fúyẹ́ àti nínú sítíárì rẹ̀. Kò tó 800 kìlò. Èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1275 cc kò ju agbára ẹṣin 65 lọ, ṣùgbọ́n kò sí òkúta tí táyà máa tẹ̀ tí ọwọ́ rẹ kò ní gbọ́.

Àwọn ará Japan ló jẹ́ kó yé gbogbo ayé. Mazda gbé MX-5 jáde ní 1989, àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bíi Lotus Elan ni wọ́n fi ṣe àwòkọ́ṣe: ìjókòó méjì, orí tó ń ṣí, ẹ́ńjìnnì níwájú, táyà ẹ̀yìn ló ń tì í. Ó fúyẹ́, ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ awakọ̀, ó sì ń ṣiṣẹ́ láràárọ̀. Wọ́n ti ṣe é ju mílíọ̀nù kan lọ. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ni ìmọ̀ náà ti ti ilé iṣẹ́ MG ní Abingdon pa láti 1980. Ó dùn mí títí dòní.

Iléeṣẹ́ SAIC ti Ṣáínà ló ni orúkọ MG báyìí. Ọkọ̀ Cyberster wọn, iná mànàmáná ló ń lò, èyí tó lágbára jù tó nǹkan bí agbára ẹṣin 500, ó sì súnmọ́ tọ́ọ̀nù méjì. Ọkọ̀ gidi ni. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, inú rẹ̀ ni màá fẹ́ kí o wà, torí Midget kò ní àpò afẹ́fẹ́, kò sì sí kọ̀ǹpútà tó máa bá ọ ṣọ́ bíréèkì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yẹn náà ló dúró sáàárín ìwọ àti títì. Níbí pàápàá, kí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó fetí sí ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ti so sìkánà mọ́ ọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi, ohun tó ń ṣe Corolla tòkunbọ̀ kò ṣeé fetí gbọ́ mọ́.

Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí wàá máa gbé lọ síbi iṣẹ́ lò ń wá, ra MX-5. Tó bá jẹ́ pé wàá fọwọ́ ara rẹ tọ́jú rẹ̀, ra Midget, ṣùgbọ́n kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ṣáájú òpin 1974. Lẹ́yìn ìyẹn, torí òfin Amẹ́ríkà, wọ́n gbé bọ́ńpà rọ́bà ńlá sí i, wọ́n sì gbé ara rẹ̀ ga, ìyẹn ba ìrìn rẹ̀ jẹ́. Má wo ọ̀dà. Dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, fi ìka tẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn, ibẹ̀ ló máa ń dógùn-ún. Òfin yín kò fi dandan mú ọkọ̀ tó ti lé ní 40 ọdún láti ṣe àyẹ̀wò MOT, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, gbé tìrẹ lọ lọ́dọọdún, torí àwọn ọmọ rẹ.

Kí o tó sanwó, ya fọ́tò abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.