Oorun Ẹ̀bá Ọ̀nà A1

Àjò kì í dùn kí onílé má relé: bí ìlù ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Leeds kò tilẹ̀ tíì sinmi, agogo 12 òru ni èmi àti àbúrò mi gba ẹrù mọ́ínmọ́ín wa, tí a sì kọrí sí Lọ́ńdọ̀nù. A ti kọjá Newark lójú ọ̀nà A1 kí oorun tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mí.

Ìwé òfin ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì gba awakọ̀ nímọ̀ràn pé kí ó sinmi fún ìṣẹ́jú 15, ó kéré tán, lẹ́yìn wákàtí 2 kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ìsinmi ẹ̀bá ọ̀nà, wákàtí 2 péré ni àyè ọ̀fẹ́, ẹni tí oorun bá gbé kọjá rẹ̀ yóò sanwó. Èmi kò gba ti oorun tí a ń fi aago wọ̀n, nítorí náà mo yà sí àyè tí wọ́n gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan, mo sì paná.

Ìkànkùn ló jí mi: ọlọ́pàá kan, tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Òórùn ọtí tí àbúrò mi mu ló kọ́kọ́ kí i káàbọ̀, kò sì bi wá léèrè orúkọ baba wa, bí baálẹ̀ ilé wa ìbá ti bi àlejò tí ilẹ̀ ṣú bá, ohun tí ó bèèrè ni pé, “Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ wà?” Mo nà án sí i. Ó ní kí n fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ rẹ̀, kò bá ọtí níbẹ̀. Ó wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là mí lóye pé oorun inú ọkọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n pé, lábẹ́ òfin ọdún 1988, ẹni tí ọtí inú rẹ̀ bá kọjá ìwọ̀n, tí ọkọ̀ sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ lójú títì, lè dé iwájú adájọ́ bí táyà kò tilẹ̀ yí, àfi bí ó bá lè fi hàn pé òun kò ní wa ọkọ̀ náà kí ọtí tó dá lójú òun. Àbúrò mi, tí ó ti ń bẹ̀ mí láti Leeds pé kí n fún òun ní kọ́kọ́rọ́ kí òun fi gbọ́ rédíò, kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹjọ́ kan ṣẹ́kù: ọkọ̀ tí ó bá dúró síbẹ̀ lóru, lójú ọ̀nà tí òfin gba eré tí ó ju máìlì 30 ní wákàtí kan lọ, gbọ́dọ̀ tan iná kékeré sílẹ̀. Mo tan án, ó juwọ́ sí wa, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, iná náà ti fa bátìrì wa gbẹ. Awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù náà kò jẹ́ kí n bẹ òun. Òun àti àbúrò mi ni wọ́n jọ ti mọ́tò títí ó fi ṣáná. Bí a ti ń lọ, mo rí i nínú dígí, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀, ó ń yí mọ́ínmọ́ín tí a fún un lọ́tùn-ún lósì, tòun tewé, ó ń wá ibi tí ẹnu yóò ti wọ̀ ọ́.