Fèrè rélùwéè dún létí Baba Ìbejì, ó rò pé fóònù òun ni

Ká ní kì í ṣe ìyá oníbúrẹ́dì kan tó fà á léwù sẹ́yìn l'Ágége láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, ọ̀rọ̀ mí-ìn ni ìbá wà nílẹ̀ lórí Baba Ìbejì. Akáǹtáǹtì ni, Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í mutí, kì í kó obìnrin kiri, kì í sì í jáde lálẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí ìyàwó ẹ̀ ń tìtorí ẹ̀ bá a jà ni rélùwéè. Kì í kúkú ṣe rélùwéè gidi o, ti inú kọ̀ǹpútà ni.

Eré kan wà tí wọ́n ń pè ní Microsoft Train Simulator, ọdún 2001 ni wọ́n gbé e jáde. Àwọn tó ṣe é ti pa á tì tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ ò jẹ́ kó kú, wọ́n ṣe òmí-ìn tó ń jẹ́ Open Rails, ọ̀fẹ́ sì ni. Òun ni Baba Ìbejì ń lò. Bó bá ti jẹun alẹ́ tán, táwọn oníná ò bá múná lọ, á jókòó, á ki íápíìsì bọ etí, ó di Marias Pass, ìyẹn ojú irin kan tó gba àárín àwọn òkè ní ìpínlẹ̀ Montana l'Amẹ́ríkà kọjá.

Fèrè rélùwéè yẹn ló dùn mọ́ ọn jù. Bọ́tìnnì gígùn tó wà nísàlẹ̀ kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń tẹ̀ fún un, lẹ́tà B sì ni ti agogo. Ẹ má rò pé èèyàn kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá ni o, ó lófin. L'Amẹ́ríkà, bí rélùwéè bá ń bọ̀ níbi tí títì ti dábùú irin, dérébà á fọn ọ́n gígùn lẹ́ẹ̀mejì, á fọn ọ́n kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, á wá fọn ti ìkẹyìn ní gígùn, kò sì gbọ́dọ̀ ṣíwọ́ níbẹ̀ títí tí imú ọkọ̀ á fi wọ orí títì. Láti 2005 ni ìjọba wọn ti là á sínú òfin pé ó kéré tán, kó ku ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó débẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn ọ́n, kó má sì ju ogún lọ.

Ìtàn kan tún wà tí Baba Ìbejì máa ń sọ fáwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀ títí tí wọ́n á fi dìde lọ. Láyé ìgbà tó jẹ́ èédú ni rélùwéè ń jẹ, ooru omi gbígbóná ni wọ́n ń fi fọn fèrè, ohùn ẹ̀ á sì máa fà bíi ti ẹni tó ń sunkún. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísù dé, atẹ́gùn ni wọ́n ń fi fọn ọ́n, ohùn kan ṣoṣo ló ní, bíi ti tírélà. Ni àwọn onímọ́tò bá ń gbọ́ ọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á rò pé ọkọ̀ ẹrù lásán ni, wọ́n á já sójú irin. Ọmọ Kánádà kan, Robert Swanson, wà lára àwọn tó jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, tó ṣe fèrè olóhùn púpọ̀ tó jọ ti àtijọ́, kí ẹni tó bá gbọ́ ọ lè mọ̀ pé rélùwéè ni, kó má fi pe nǹkan mí-ìn. Ẹni tó mọ gbogbo èyí ni o!

Bẹ́ẹ̀ ìgbádùn ara ẹ̀ ló ń fọn tiẹ̀ fún. Ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún? Àwọn mọ́tò inú kọ̀ǹpútà kì í kánjú. Bí ọ̀pá bá ti wálẹ̀, wọ́n á dúró bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Kò sí ọlọ́kadà tó ń gba abẹ́ ọ̀pá, kò sẹ́ni tó pàtẹ tòmátì sórí irin. Bó fọn ọ́n, bí ò fọn ọ́n, kò sẹ́ni tó máa kú.

Ohun tó ń dùn ún ni pé fèrè òyìnbó ló wà nínú ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe eré yìí káàkiri ayé máa ń lọ gba ohùn fèrè gidi sílẹ̀, wọ́n á kó o sínú eré wọn. Òun náà ní ti Èkó lòun ń fẹ́. Bó ṣe gba Agége lọ lọ́jọ́ Sátidé kan nìyẹn lọ́dún 2023, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, ó na fóònù sókè. Fèrè náà wọlé dáadáa, àfi ohùn obìnrin kan tó já wọ àárín ẹ̀, tó ń pariwo pé, "Ẹ yàgò o! Rélùwéè ń bọ̀ o! Ìyá àgbà, ẹ gbẹ́rù yín!" Inú bí i. Odindi ọjọ́ Sọ́ńdè ló fi ń wá bó ṣe máa gé ohùn obìnrin náà kúrò.

Ẹ má sì wí pé kò mọ ewu rélùwéè. Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà ni rélùwéè àti bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó kọlura ní PWD, ní Ṣógúnlé, èèyàn mẹ́fà ló bá a lọ. Òun gan-an ló ń ṣàlàyé fáwọn èèyàn lẹ́yìn ìgbà náà pé rélùwéè kì í dúró bíi dáńfó.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, ó ń lọ síbi iṣẹ́, íápíìsì wà létí méjèèjì, ohun tó gbà sílẹ̀ ló ń gbọ́. Ó dójú irin, ó fẹ́ sọdá. Fèrè dún. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ohùn yìí mà já gaara lónìí o. Ó tún dún, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ní áà, ṣebí ẹ̀ẹ̀kan péré ló dún lọ́jọ́ Sátidé? Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni nǹkan ti gbá ẹ̀wù ẹ̀ mú lẹ́yìn, tó fi jókòó sílẹ̀ gbì. Rélùwéè kọjá níwájú ẹ̀, afẹ́fẹ́ ẹ̀ sì gbé fìlà lórí ẹ̀.

"Ṣé ẹ dití ni, bọ̀dá?" Ìyá oníbúrẹ́dì ni. Búrẹ́dì ẹ̀ ti dà sínú ẹrẹ̀. "Gbogbo Agége ló gbọ́ ọ, ẹ̀yin nìkan lẹ ò gbọ́!"

Ó kúkú gbọ́ ọ. Ohun tí ò lè ṣàlàyé fún un nìyẹn.

Kò lè lọ síbi iṣẹ́ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ń wá sí i lọ́kàn ni dérébà yẹn. Rélùwéè ẹrù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bá ń sá kìlómítà 88 ní wákàtí kan, ó máa ń rìn ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa bíréèkì kó tó dúró. Ti Agége ò tó ìyẹn, àmọ́ òun náà ò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Fèrè yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ẹni tó sì ń fọn ọ́n sí ń rẹ́rìn-ín lójú irin.

Nígbà tó ròyìn fún Ìyá Ìbejì lálẹ́, obìnrin náà ò pariwo, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Ó kàn ní, "Baba Ìbejì, kí ni ǹ bá sọ fáwọn ọmọ pé ó pa yín?" Ló bá gbé kọ̀ǹpútà, ó tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, oṣù kan gbáko ló lò níbẹ̀.

Baba Ìbejì padà lọ sí Agége, ó sanwó búrẹ́dì tó bàjẹ́, ó sì fi nǹkan lé e. Ó wá bi ìyá náà bóyá òun ló pariwo lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ìyá náà wò ó títí. "Gbogbo wa la máa ń pariwo, bọ̀dá. Ta ló fẹ́ máa kọ orúkọ sílẹ̀?"

Kọ̀ǹpútà ti jáde báyìí. Íápíìsì ò bá Baba Ìbejì jáde nílé mọ́, bó bá sì ń ṣeré ẹ̀ nílé, gbangba ló ń jẹ́ kó dún. Fèrè Agége ti wà nínú ẹ̀, kò sì gé ohùn obìnrin náà kúrò mọ́. Bí rélùwéè ẹ̀ bá ti ń sún mọ́ títì lórí òkè Montana, á fọn ọ́n gígùn lẹ́ẹ̀mejì, kúkúrú lẹ́ẹ̀kan, á wá di ti ìkẹyìn mú. Ohùn ọjà Agége á bú jáde, "Ẹ yàgò o! Rélùwéè ń bọ̀ o!" Àwọn ìbejì á sì dáhùn láti pálọ̀, "A ti yàgò o!"