Ta Ló Jókòó Sí Géètì? Bí Owó Sinimá Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Àwọn Onítíátà

Bí dáńfó bá ti ń sún mọ́ Agége, "Pẹ́ẹ̀nì Sinimá wọlé o!" ni kọ̀ńdọ́kítọ̀ máa ń pariwo. Àìmọye èèyàn ló ń bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọn ò tiẹ̀ bi ara wọn pé sinimá wo. Ilé sinimá tí wọ́n torí ẹ̀ sọ ibẹ̀ lórúkọ ti lọ tipẹ́tipẹ́. Orúkọ ló kù, àti bíríìjì tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí síbẹ̀ lọ́dún 2021.

Láyé tí irú ilé bẹ́ẹ̀ pọ̀ l'Ékòó, fíìmù Íńdíà àti ti àwọn ará Ṣáínà tó ń ta kọ̀ǹfú ló gba ibẹ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ wo tiwa-n-tiwa, àfi kó dúró de àwọn onítíátà fúnra wọn. Olóyè Hubert Ogunde gbé "Aiye" jáde lọ́dún 1979. Adéyẹmí Afọláyan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Adé Love ṣe "Kadara" lọ́dún 1980. Moses Ọláìyá, ìyẹn Baba Sàlá, gbé "Orun Mooru" dé lọ́dún 1982. Wọn ò fa fíìmù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ pé kó bá àwọn fi hàn. Wọ́n á di ẹ̀rọ sinu ọkọ̀, wọ́n á gbé jẹnẹrétọ̀ tì í, ó di ìlú kan sí òmíràn, gbọ̀ngàn ìlú, gbọ̀ngàn ilé ìwé, ibi tí wọ́n bá ṣáà ti rí àga àti ògiri. Ẹni tí ọ̀gá fọkàn tán ló máa ń jókòó sí géètì gba owó, ilẹ̀ ò sì ní í mọ́ kí wọ́n tó ṣírò ẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ò le. Fíìmù tó bá bọ́ sọ́wọ́ olè, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ bi "Orun Mooru" wò: àwọn ajíṣẹ́-oníṣẹ́ dà á kọ, wọ́n tà á, gbèsè sì wọ Baba Sàlá lọ́rùn. Títí baba náà fi kú lọ́dún 2018, ọ̀rọ̀ yẹn ò tán lẹ́nu àwọn èèyàn.

Nígbà tí ìjọba ológun gbé ètò SAP dé lọ́dún 1986, náírà fò ṣánlẹ̀. Fíìmù gidi, dọ́là ni wọ́n fi ń rà á, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń fọ̀ ọ́. Níbo ni onítíátà fẹ́ ti rí i? Ni wọ́n bá mú kámẹ́rà fídíò, irú èyí tí wọ́n fi ń ya ìgbéyàwó àti òkú àgbà. Lọ́dún 1988, Adé Ajíbóyè tí wọ́n ń pè ní Big Abass ṣe "Soso Meji". Muyideen Àrọ̀mirẹ náà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi fídíò dá a láṣà. Kenneth Nnebue, oníṣòwò tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì òfìfo, nawó sí "Aje Ni Iya Mi" tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe lọ́dún 1989. Ọdún kẹta lẹ́yìn ẹ̀ ni Nnebue yìí kan náà tó gbé "Living in Bondage" jáde, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ Nollywood. Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà kọ́ o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pìtàn, kó pìtàn dọ́gba.

Kásẹ́ẹ̀tì yìí náà ló wá gba géètì lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀rù olè ò jẹ́ kí èèyàn fẹ́ jáde lálẹ́ mọ́, oníkálukú bá ra fídíò, ó jókòó sílé. Iṣẹ́ onítíátà wá di ti àwọn máàkẹ́tà Ìdúmọ̀tà. Iye ẹ̀dà tí wọ́n tẹ̀, àwọn nìkan ló mọ̀ ọ́n. Òṣèré gba owó lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Òun náà lẹ ń rí lónìí tí wọ́n ń gbé nọ́ńbà àkáǹtì ẹ̀ kiri orí fóònù nígbà tí àìsàn dé, tí fíìmù ẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù onídìrí.

Òótọ́ ni pé owó tún ti ń wọlé. "A Tribe Called Judah" tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní December 2023 pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù ńlá ni sinimá wà báyìí, bíríkìlà ò sì ní í fi owó iṣẹ́ òòjọ́ ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. YouTube nìyẹn ń wò. Ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá ti sáré lọ síbẹ̀, wọ́n ní àwọn ti gba géètì padà. Ó dáa o, àmọ́ Amẹ́ríkà ni onílé wà, òun ló sì ń sọ iye tó máa fún ayálégbé. Àwọn ọmọ Ikorodu Bois tó ń fi wíìbárò àti ohun èlò inú ilé sín fíìmù òyìnbó jẹ mọ̀ pé kámẹ́rà ńlá kọ́ ló ń ṣe sinimá. Fóònù ni wọ́n mú dání kí Netflix tó kó irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn lọ́dún 2020.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí àdúgbò kan l'Ékòó tí kò ní viewing centre tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà, tẹlifíṣọ̀n ńlá wà, ẹni tó ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà náà wà. Tí kò bá ti sí bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan, òfìfo ló máa ń wà.