Ilẹ̀kùn Tí Ọjọ́ Orí Ṣí

Ohun kan ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí wa tí a rò pé ó lè wúlò fún ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé ni, ṣùgbọ́n ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀rí-ọkàn mọ́ wa lọ́wọ́.

Àbúrò wa ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Lọ́tìrì físà ló gbé wọn dé ibẹ̀, ó sì ti ju ọdún mẹ́ta lọ. Àbúrò wa gba licence nílé níbí kó tó lọ, ṣùgbọ́n ilé ìkẹ́rù-sí ló ti ń ṣiṣẹ́ lóru. Ìyàwó rẹ̀ ń dirun fún àwọn obìnrin nínú yàrá wọn.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò wa pè wá. Ó ní òun gbọ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ àwọn ń san owó ilé-ìwé fún àgbàlagbà tó bá fẹ́ padà sí ẹnu ẹ̀kọ́. Ó fi ìwé òfin rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù wa. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kà á. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ olùkọ́."

Olùkọ́ ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n èdè Faransé la fi kọ́ wa níṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tiwa, pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. A kà á ní alẹ́ mẹ́ta. Ohun tí a rí níbẹ̀ rèé.

Michigan Reconnect ni wọ́n ń pe ètò náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba orúkọ àwọn èèyàn ní ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2021, nígbà Gómìnà Gretchen Whitmer. Irú rẹ̀ ti wà ní ìpínlẹ̀ Tennessee ṣáájú, láti ọdún 2018. Owó náà wà fún kọ́lẹ́ẹ̀jì agbègbè, ìyẹn ilé-ìwé tí èèyàn lè lọ fún bí ọdún méjì nítòsí ilé rẹ̀, kó sì kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ ọwọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún 25, ó kéré tán. Ó gbọ́dọ̀ ti gbé ní ìpínlẹ̀ náà fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí ilé-ìwé girama tàbí èyí tó dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀. Kò sì gbọdọ̀ tíì gba oyè kọ́lẹ́ẹ̀jì tàbí ti yunifásítì. Lẹ́yìn náà, yóò kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ àti owó tó ń wọlé fún un sínú ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FAFSA. Bí ìjọba àpapọ̀ bá fún un ní Pell Grant, èyí ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi san owó ilé-ìwé. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó ìpínlẹ̀ máa ń dí. Kò kan owó ìwé kíkà. Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà bá sì wà lóde agbègbè tí èèyàn ń gbé, àfikún owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó ti ìta wá dọwọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dí ni gbólóhùn yẹn: kò gbọdọ̀ tíì gba oyè. Àbúrò wa ní licence. A ṣàlàyé fún un. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní: "Ẹ̀gbọ́n, bí mi ò bá kọ ọ́ sí i ńkọ́? Ta ló máa ti Michigan wá sí Benin wá wò ó?"

A ò ní purọ́ fún yín: a kò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. A rò ó mọ́jú. Licence tí kò mú ju iṣẹ́ ẹrù gbígbé wá, kí ló dé tí yóò tún máa ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ni ín? Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kíláàsì la lọ. Àwa yìí kan náà là ń gba bébà lọ́wọ́ ọmọ tó bá ń wo ti ẹnìkejì nígbà ìdánwò. Ìwé FAFSA fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ irọ́ sí i lè san owó ìtanràn tó tó 20,000 dọ́là, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n, tàbí méjèèjì. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. A sọ fún àbúrò wa pé kó má ṣe é. A ní kó kúkú gbé licence náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí òkèèrè wò, kó lè fi wá iṣẹ́ tó dára ju èyí lọ. Inú bí i. Ọ̀sẹ̀ méjì, kò pè.

Nínú ọ̀sẹ̀ méjì yẹn la tún ìwé òfin náà kà, bóyá ojú wa fo nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni o, ó fo nǹkan kan. Kì í ṣe inú ìwé ló wà, inú ilé wa ni. Ta ni kò ní oyè? Ta ló ti kọjá ọmọ ọdún 25? Ìyàwó àbúrò wa ni. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹnì kankan nínú wa tó dárúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́. Ìyàwó yìí ṣe BAC lẹ́ẹ̀mejì, kò yege. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ ní ọjà Arzèkè, ó lọ́kọ, ó bímọ. Nígbà tó di ọmọ ọdún 28, ó wá bá wa nílé. Ó ní òun fẹ́ tún BAC ṣe gẹ́gẹ́ bí candidat libre. Ó mọ̀ pé kò sí ọjọ́ orí tó dí èèyàn lọ́wọ́ láti ṣe é. Ìmọ̀ràn ló wá gbà lọ́wọ́ wa. Kí la sọ fún un? A ní: "Bourse ìjọba ń wo ọjọ́ orí. O ti kọjá ẹni tí wọ́n ń fún. Kí lo wá fẹ́ fi BAC ṣe?" Ó ní ó dáa, ó dìde, ó lọ ilé. Kò tún dá a sọ mọ́.

Lóòótọ́, ní ilẹ̀ wa níbí, ọjọ́ orí wà lára ohun tí wọ́n ń wò kí wọ́n tó fún akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní owó ìrànlọ́wọ́. Owó kò pọ̀, ọ̀dọ́ sì pọ̀. A mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kò sọ pé kó má kàwé. Àwa la sọ ọ́. A mú òfin owó, a sọ ọ́ di òfin ìmọ̀.

Òfin Michigan wá yí i padà lójú wa. Níbí, bí ọjọ́ orí bá ti gòkè, ilẹ̀kùn owó a tì. Níbẹ̀, ọjọ́ orí náà ló ṣí i. Ìdí rẹ̀ ni pé wọ́n ro ti ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ti ń tọ́mọ, tí kò rí àyè kàwé nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kà á.

A pe ìyàwó náà fúnra rẹ̀, a kò gba ọ̀dọ̀ ọkọ rẹ̀. A ṣàlàyé. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n wa, ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà yẹn?" A ní a rántí. A ní kó dárí jì wá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọjọ́ ti pẹ́. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ mẹ́nu kàn án, nítorí náà a mọ̀ pé kò tíì pẹ́ lọ́kàn rẹ̀.

Nǹkan kan ṣì kù. Kò ní BAC, kò sì sí ìwé-ẹ̀rí mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè dípò rẹ̀. Ó ní láti kọ́kọ́ ṣe ìdánwò GED, tí ó jẹ́ apá mẹ́rin: ìṣirò, èdè Gẹ̀ẹ́sì, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ. Ó ti yege nínú mẹ́ta. Ó ku ìṣirò, òun tó jẹ́ pé ní Arzèkè, kì í mú ẹ̀rọ ìṣirò dání kó tó ṣẹ́ṣìí fún oníbàárà. Àbúrò wa náà ti padà bẹ̀rẹ̀ sí í pè wá. Òun ló ń tọ́jú àwọn ọmọ ní ọ̀sán kí ìyàwó rẹ̀ lè kàwé, kó tó lọ síbi iṣẹ́ ní alẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹ bá ní èèyàn lókè òkun, ẹ ní kó bèèrè ohun tí ìpínlẹ̀ tó ń gbé ń ṣe fún àgbàlagbà, nítorí òfin kálukú yàtọ̀. Ẹ ní kó ka gbogbo rẹ̀, kó sì lọ bèèrè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà fúnra rẹ̀ kó tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, bí obìnrin kan nínú ẹbí yín bá ní òun fẹ́ padà sí ilé-ìwé, ẹ má dáhùn bí a ṣe dáhùn. Ìgbà tí a bá jí ni òwúrọ̀ ẹni.

Ìdánwò ìṣirò náà ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú la ń kọ́ ọ lórí fóònù, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àpẹẹrẹ aṣọ títà. Ẹ bá wa fi àdúrà tì í.